Ohun Tí Ń Rán Wa Létí: Ìwé àti Ibi Nínú Ìrántí Ènìyàn

Ìfáárà

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọgbọ́n àti ìrírí ni a sábà máa ń fi òwe yìí kọ́ni, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ òtítọ́ kan nípa iyè ènìyàn. Bí ọjọ́ orí ti ń gun orí ọjọ́ orí ni ohun tí ó wà lẹ́yìn wa ń pọ̀ sí i. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀nà tí àwọn ohun ẹ̀yìn wọ̀nyí ń gbà padà wá bá wa, pàápàá nípasẹ̀ ìwé tí a kà àti ibi tí a gbé.

Kí ló dé tí ènìyàn yóò ṣí ìwé kan tí ó ti kà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì rántí bẹ́ǹṣì tí ó jókòó lé, òórùn àtùpà tí ó fi kàwé lálẹ́, àti ohùn ẹni tí ó ń kọ́ ọ kí ó tó rántí ìtàn inú ìwé náà gan-an? Kí ló dé tí ẹni tí ó ń kọjá ní àdúgbò kan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò ṣàdédé rántí orúkọ ọ̀rẹ́ tí kò ronú kàn láti ọjọ́ pípẹ́?

Nítorí ibi tí a wà ni a ṣe yan kókó yìí. Púpọ̀ nínú wa ló fi ilé sílẹ̀ wá kàwé sí Òkè Ọya. Àwọn mìíràn nínú wa kò tilẹ̀ fi ilé kankan sílẹ̀: Jos, Kàdúná tàbí Kánò ni a bí wọn sí, ìlú baba wọn kò sì ju orúkọ tí wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù lọ. Ìrántí ilé ló ń da apá kìn-ín-ní láàmú. Ní ti apá kejì, àìní ìrántí ilé ni. A ó gbìyànjú láti fi hàn pé ẹ̀kọ́ yìí kan apá méjèèjì.

Kí ni ìrántí?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́kàn wa, a ó ní a gbàgbé. Bí ẹnìkan bá mú un padà wá, a ó ní ó rán wa létí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ó rán nǹkan sí etí wa. Èyí túmọ̀ sí pé ìránnilétí ní ẹni tí ó rán an, ó ní iṣẹ́ tí a rán, ó sì ní etí tí ó gbà á. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ní í rán ni létí. Ilé, igi, òórùn ọbẹ̀, orin, ojú ewé ìwé, gbogbo wọn lè rán iṣẹ́ yìí. Àwọn baba wa mọ èyí nígbà tí wọ́n ń pa àrokò. Bí wọ́n bá di owó ẹyọ àti ìyẹ́ ẹyẹ pọ̀ ránṣẹ́ sí ènìyàn, ohun tí ó wà nínú ẹrù náà kéré. Ohun tí ó ń jí lọ́kàn ẹni tí ó gbà á ni ó pọ̀.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1932, Frederic Bartlett, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cambridge, gbé ìwé kan jáde lórí ìrántí. Ó fún àwọn ènìyàn ní ìtàn ilẹ̀ òkèèrè kan kà, ó sì ní kí wọ́n tún un sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ àti lẹ́yìn ìgbà pípẹ́. Ó rí i pé wọn kò sọ ọ́ bí wọ́n ti kà á. Ohun tí ó ṣàjèjì sí wọn ni wọ́n ń yọ kúrò, tí wọ́n ń fi ohun tí ó bá àṣà tiwọn mu dípò rẹ̀. Bartlett wá ní ìrántí kò dà bí àpótí tí a ti aṣọ bọ̀ tí a ó sì yọ ọ́ jáde bí ó ti wà. Ó dà bí ilé tí a ń tún mọ ní gbogbo ìgbà tí a bá fẹ́ wọ inú rẹ̀. A ní àwọn òpó àti igi àjà kan nílẹ̀, ṣùgbọ́n a ń fi amọ̀ tuntun sí i.

Ní 1973, Endel Tulving àti Donald Thomson fi òmíràn kún un. Wọ́n ní nígbà tí a bá ń kó nǹkan sí orí, a kì í kó òun nìkan. A máa ń kó ohun tí ó yí i ká pọ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà, bí a bá tún pàdé ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó yí i ká nígbà náà, ó lè fa èyí tí ó kù jáde, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fa ìtàkùn kan tí igbó fi ń mì. Èyí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí a ó sọ nísàlẹ̀ yìí.

Ibi gẹ́gẹ́ bí olùránnilétí

Àyẹ̀wò tí ó lókìkí jù lórí ibi àti ìrántí ni èyí tí Duncan Godden àti Alan Baddeley ṣe ní 1975. Wọ́n kó àwọn òmùwẹ̀ tí ń fi ohun èlò mí lábẹ́ omi jọ, wọ́n fún wọn ní ọ̀rọ̀ 36 láti há sórí. Àwọn kan há a sórí lórí ilẹ̀, àwọn kan há a sórí lábẹ́ omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dán wọn wò, nígbà mìíràn ní ibi kan náà, nígbà mìíràn ní ibi kejì. Ohun tí a kọ́ lábẹ́ omi, abẹ́ omi ni a ti rántí rẹ̀ jù. Ohun tí a kọ́ lórí ilẹ̀, orí ilẹ̀ ni a ti rántí rẹ̀ jù.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ ló dá àyẹ̀wò yìí dúró bí ẹni pé kò sí àríyànjiyàn nípa rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tòótọ́ kì í bẹ̀rù kí a tún òun yẹ̀ wò. Ní 2021, Jaap Murre tún irú àyẹ̀wò náà ṣe, kò sì rí èsì tí àwọn ti ìṣáájú rí. Ṣáájú èyí, ní 2001, Steven Smith àti Edward Vela ti kó ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò irú rẹ̀ jọ, wọ́n sì rí i pé òótọ́ ni ibi ń ran ìrántí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti ń rò, pàápàá bí ọkàn ẹni bá wà lórí ohun tí ó ń kọ́ tí kò sì kíyèsí ibi tí ó jókòó sí.

Ohun kan náà tí Smith ti rí ní 1979 ni ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ sílé. Ó kọ́ àwọn kan ní ọ̀rọ̀ nínú yàrá kan, ó sì dán wọn wò nínú yàrá mìíràn. Àwọn tí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ojú inú wo yàrá àkọ́kọ́ rántí tó bí ẹni tí ó padà sínú yàrá náà gan-an. Èyí já sí pé ènìyàn kò nílò láti wà níbẹ̀. Bí ó bá lè pe ibẹ̀ wá sí ojú inú rẹ̀, ibẹ̀ yóò jẹ́ ẹ lóhùn. Ẹ rántí èyí ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí ìdáhùn kan bá fẹ́ bọ́, ẹ fi ojú inú wo ibi tí ẹ ti kà á, ẹni tí ó jókòó tì yín, àti apá ibi tí ó wà lójú ewé.

Inú ọpọlọ pàápàá, ibi àti ìrántí jọ ń gbé ni. Apá kan wà nínú ọpọlọ tí a ń pè ní hippocampus. Ní 1953, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan nítorí wárápá, wọ́n sì yọ púpọ̀ nínú apá yìí kúrò ní ìhà méjèèjì. Láti ọjọ́ náà títí tí ó fi kú ní 2008, ohun tuntun kì í dúró lọ́kàn rẹ̀: bí ó bá bá ènìyàn sọ̀rọ̀ tán, tí ẹni náà jáde tí ó sì padà wọlé, àjèjì ni ó jẹ́ sí i. Ní 1971, John O'Keefe àti Jonathan Dostrovsky rí i nínú apá yìí kan náà, nínú ọpọlọ eku, pé àwọn ẹyọ kan wà tí í ta kìjí nígbà tí eku náà bá dé ibi kan pàtó. Bí ó bá kúrò níbẹ̀, wọn a dákẹ́, òmíràn a gbà á. Iṣẹ́ yìí ni O'Keefe fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014, pẹ̀lú May-Britt Moser àti Edvard Moser. Apá ọpọlọ tí ó ń bá wa pa ìtàn ayé wa mọ́ náà ni ó ń bá wa mọ ibi tí a wà. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé bí a bá dé ibì kan, ìtàn a dìde.

Ṣùgbọ́n kí àwọn onímọ̀ tó dé inú ọpọlọ eku ni Yorùbá ti ń lo ibi láti fi pa ìrántí mọ́. Ẹ wo Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun lé àwọn Ẹ̀gbá kúrò ní ìlú wọn nínú igbó, tí wọ́n tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn kò fi orúkọ ìlú wọn àtijọ́ sílẹ̀. Ìlú kọ̀ọ̀kan tẹ̀dó sí apá tirẹ̀, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ lé ibẹ̀: Aké, Kémta, Ìtòkò, Ìporò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń rìn láti àdúgbò kan sí èkejì ní Abẹ́òkúta, láàárín orúkọ àwọn ìlú tí ogun ti tú ni ó ń rìn. Bákan náà ni Aláàfin Àtìbà ṣe nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú: Àgọ́ Ọjà tí ó tẹ̀dó sí, Ọ̀yọ́ náà ni wọ́n tún sọ ọ́. Àwọn ará Kétu tí a kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil kò lè gbé ilẹ̀ wọn dání, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ dání, àwọn ilé òrìṣà tí ń jẹ́ ti Kétu sì wà níbẹ̀ di ìsinsìnyí. Nígbà tí àwọn Àgùdà padà láti Brazil wá sí Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣíwájú èyí tí ó kọjá, irú ilé tí wọ́n ti ń kọ́ lọ́hùn-ún ni wọ́n kọ́ sí Pópó Àgùdà. Ọmọ Yorùbá kan náà tí ó ń rántí ilé ní Brazil ló tún dé ilé tí ó ń rántí Brazil.

Ìwé gẹ́gẹ́ bí olùránnilétí

Ìwé ń rán ni létí ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ohun tí a kọ sínú rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ibi àti ìgbà tí a kà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èkejì yìí sí, bẹ́ẹ̀ ló sì lágbára jù nígbà púpọ̀.

Marcel Proust, òǹkọ̀wé ará Faransé, sọ èyí ní 1905 nínú àròkọ kan lórí ìwé kíkà. Ó ní àwọn ìwé tí a kà ní ọmọdé, bí a bá tún ṣí wọn, ọjọ́ tí ó ti kọjá ni a máa ń bá nínú wọn: ilé tí a wà, ìpè oúnjẹ tí ó dá wa lọ́wọ́ kọ́, oòrùn tí ń wọ̀. Ní 1913, ó gbé apá àkọ́kọ́ ìtàn gígùn rẹ̀ jáde, nínú èyí tí àkàrà òyìnbó tí a ki bọ inú tíì ti jí ìlú kan lódindi dìde lọ́kàn ẹni tí ó tọ́ ọ wò. Combray ni ó pe ìlú náà nínú ìwé. Illiers, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti ń lo ìsinmi ní ọmọdé, ni ó fi ṣe àwòrán rẹ̀. Ní 1971, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a bí i, wọ́n fi orúkọ inú ìwé kún orúkọ ìlú, ó sì di Illiers-Combray. Ibi ló bí ìwé. Ìwé náà sì wá fún ibi lórúkọ.

A ní irú rẹ̀ nílé. Òkè-Igbó ni a ti bí D. O. Fágúnwà ní 1903. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Igbó Olódùmarè tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe orúkọ tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run. Igbó tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ìlú rẹ̀. Ẹni tí ó ti ka ìwé náà kò lè wo igbó yìí bí ẹni tí kò kà á ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a tún mú èyí tí ó sún mọ́ wa níhìn-ín. Ní oṣù Kejìlá 1963, inú odò ní Wúyà, nítòsí Bídà, ni Fágúnwà kú sí. Àwọn tí ó ń gba Mọ́kwá àti Bídà lọ sílé nínú wa, afárá Wúyà ni wọ́n ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ ló ń sùn nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Kò sí àṣìṣe nínú oorun, ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ka Fágúnwà ní kékeré, tí ó sì wá mọ̀ pé níbẹ̀ ni, yóò jí, yóò wo omi náà, ohun tí yóò sì padà bá a lè jẹ́ kíláàsì tí a ti ń ka ìwé náà sókè ketekete, tàbí baba àgbà tí ó ń tú u fún àwọn ọmọ lálẹ́. Omi náà kò yí padà. Ẹni tí ó ń wò ó ni ó ti gbé nǹkan dé ibẹ̀.

Ìwé Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ náà wà níbẹ̀. Ìran mélòó ni ó fi kọ́ ìwé kíkà! Nígbà tí a ń jíròrò kókó yìí nínú ìpàdé ẹgbẹ́ wa, a rí i pé bí a bá ti dá orúkọ ìwé yìí, kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ní ìyá òun ni òun rí, tí ó ń yan ẹ̀pà tí òun sì ń kàwé sí i létí. Òmíràn ní òórùn kẹrosíìnì. Ẹlòmíràn ní ẹgba. Ìwé kan náà ni, ilé mẹ́ta ni ó ṣí.

Lọ́dọ̀ Akínwùmí Ìṣọ̀lá, a rí ìwé tí ó dìídì ṣiṣẹ́ ìrántí. Ogún Ọmọdé tí ó gbé jáde ní 1990 ń sọ ìgbà èwe àwọn ọmọ abúlé ní agbègbè Ìbàdàn: oko, eré, ilé-ẹ̀kọ́, ìyà àti ẹ̀rín. Ẹni tí ó dàgbà sí abúlé yóò máa fi ìka tọ́ka sí ojú ewé pé bí ó ti rí nìyí. Ó Le Kú tí ó ti jáde ní 1974 jẹ́ ìtàn ìfẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997, ìró péńpé àti bùbá tí àwọn ọmọge inú rẹ̀ wọ̀ tún di ọ̀tun lára obìnrin, tí a sì ń pè é ní Ólékú. Ìwé kan ti rán àwọn ìyá wa létí aṣọ tí wọ́n wọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní irú ọjọ́ orí tí a wà yìí.

Ọjọ́ orí náà sì ṣe pàtàkì. Bí a bá ní kí àwọn tí ó ti lé ní ogójì ọdún sọ ohun tí wọ́n rántí nípa ayé wọn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún ni ó máa ń pọ̀ jù. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́: ìfẹ́ àkọ́kọ́, àjò àkọ́kọ́, yàrá àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ti òbí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àárín rẹ̀ gan-an ni a wà yìí. Yàrá tí a há mọ́, ìwé tí a ń yá lọ́wọ́ ara wa, ọ̀nà láti ilé ìkàwé sí ibi tí a ti ń jẹun, àwọn ni a ó máa rántí nígbà tí a bá di àgbà.

Ìrántí lè ṣìnà

Kí a má baà rò pé gbogbo ohun tí ó bá jí lọ́kàn wa ni ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a sọ apá kejì. Elizabeth Loftus ti Amẹ́ríkà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ní 1995, òun àti Jacqueline Pickrell kọ ìtàn ìgbà èwe mẹ́rin fún ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò. Mẹ́ta jẹ́ òtítọ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹbí ẹni náà. Ẹ̀kẹrin jẹ́ irọ́: pé ó sọnù ní ilé ìtajà ńlá kan nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló ní òun rántí rẹ̀, yálà díẹ̀ tàbí púpọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ń fi kún un.

Ìwé náà lè ṣe irú iṣẹ́ yìí fún wa láìmọ̀. Ẹni tí ó ti ka ìtàn abúlé lọ́pọ̀ ìgbà lè bẹ̀rẹ̀ sí í rántí odò tí kò wẹ̀ rí. Ibi pàápàá kì í dúró de ènìyàn. Nínú Aké tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní 1981, ó sọ nípa ọgbà ìjọ tí ó dàgbà sí ní Abẹ́òkúta, ó sì sọ bí ibẹ̀ ti yí padà: bí òórùn oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ tí ó mọ̀ ti lọ tí nǹkan mìíràn sì ti gba ipò rẹ̀. Ìwé tí ó ń rántí ibì kan dáadáa náà ló ń jẹ́rìí pé ibẹ̀ kò sí mọ́ bí ó ti wà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí ó jí ni ó dùn. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ gba àdúgbò kan kọjá mọ́ nítorí ohun tí ojú wọn rí níbẹ̀ nígbà ìjà ìlú. Àwọn àgbà ní bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ẹ má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni pé kí ó sọ ohun tí ibì kan ń rán an létí.

Ẹni tí kò ní ìrántí ilé ńkọ́?

A wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a mẹ́nu kàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí Sàbó, tí kò dé ìlú baba rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, kí ni ìwé àti ibi lè rán an létí? Àwọn kan nínú wa a máa fi irú àwọn akẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé Yorùbá orí pépà ni wọ́n. Èyí kò dára. Ìrántí tiwọn wà. Jos tàbí Kánò ni ó wà, kò sì kéré sí tẹnikẹ́ni.

Ní ti ìlú baba, àpẹẹrẹ kan wà tí ó lè tọ́ wọn sọ́nà. Ní 1989, Ṣóyínká gbé ìwé kan jáde tí ó pè ní Ìsarà, orúkọ ìlú baba rẹ̀. Kì í ṣe ìtàn ohun tí òun fúnra rẹ̀ rántí. Lẹ́yìn ikú baba rẹ̀ ni ó ṣí àpótí irin kan tí ó bá lẹ́tà àti ìwé oríṣiríṣi nínú rẹ̀. Àwọn ìwé wọ̀nyí ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, tí ó fi tún ayé baba rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kalẹ̀. Ó sọ fún òǹkàwé kedere pé òun fi ojú inú kún un. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìrántí tí kò sí lọ́wọ́ ẹni lè wà nínú àpótí tàbí lẹ́nu ẹnìkan nínú ẹbí. A lè béèrè rẹ̀, a sì lè jogún rẹ̀, bí a kò bá ti pe ohun tí a gbọ́ ní ohun tí a rí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a ó bi léèrè kì í dúró títí. Ẹ rántí Sámúẹ́lì Johnson. Ó parí ìtàn Yorùbá tí ó kọ ní 1897, ó kó o ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìwé náà sì sọnù. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Ọbadáyà, ló padà sídìí àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí ó tún un kọ, tí ó fi jáde ní 1921. Bí kì í bá ṣe pé àkọsílẹ̀ kù nílé ni, ohun tí àwọn arọ́kin sọ fún Johnson ìbá ti bá a wọ ilẹ̀. Àwọn arọ́kin ti ẹbí wa ń bẹ láàyè báyìí. Ìsinmi mélòó ló kù tí a ó bá wọn nílé?

Ohun tí a lè ṣe

Ẹgbẹ́ wa dábàá ohun mẹ́rin.

Àkọ́kọ́, bí ẹ bá ra ìwé tàbí tí ẹ kà á parí, ẹ kọ ọjọ́, oṣù, ọdún àti ibi tí ẹ ti kà á sí ojú ewé àkọ́kọ́. Bí ìwé náà kì í bá ṣe tiyín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ. Ọ̀rọ̀ ìlà kan péré ni, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogún ọdún, òun ni yóò ṣí ilẹ̀kùn.

Èkejì, ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ mú àgbàlagbà kan nínú ẹbí, kí ẹ jọ rìn ní àdúgbò. Ẹ má ṣe jókòó bi í ní ìbéèrè nínú pálọ̀ nìkan. Bí ẹ bá dé abẹ́ igi kan, tàbí ibi tí ọjà wà tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò bá yín bi í. Bí ó kò bá lè rìn mọ́, ẹ ní kí ó fi ojú inú rìn, kí ó máa sọ ilé tí ó kàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún kọ ọ́ sílẹ̀. Fóònù a máa sọnù, a sì máa bàjẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ bi ẹlòmíràn léèrè ohun kan náà. Bí ìtàn méjì kò bá dọ́gba, ẹ má ṣe pa ọ̀kan rẹ́. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì kọ ẹni tí ó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé ìrántí kì í dá wá. Ohun kan ni ó ń rán an. Ibi ń ṣe é nítorí pé inú ilé kan náà ni ibi àti ìtàn ń gbé nínú ọpọlọ wa. Ìwé ń ṣe é nítorí pé ó ń gbé ìgbà tí a kà á pamọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. A sì ti rí i pé ó yẹ kí a fi ẹ̀rí gbe ohun tí wọ́n bá rán sí wa lẹ́sẹ̀. Àjò kò dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ilé tó pé, ìwé tó wà lórí àga ìkàwé wa lè ṣí fèrèsé díẹ̀ sí i. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a bá àwọn àgbà wa láyọ̀ nílé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé tí ń bọ̀

1. Dárúkọ ìwé Yorùbá kan tí o kà kí o tó pé ọdún méjìlá. Kí ni o kọ́kọ́ rántí: ìtàn inú rẹ̀, tàbí ibi tí o ti kà á?

2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín èsì Godden àti Baddeley ní 1975 àti ti Murre ní 2021? Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa nípa gbígba ìròyìn ìwádìí gbọ́?

3. Orúkọ àdúgbò mélòó ni o mọ̀ ní ìlú baba rẹ? Mú ọ̀kan, kí o sọ ìtàn rẹ̀. Bí o kò bá mọ ìtàn rẹ̀, dárúkọ ẹni tí o máa bi léèrè, kí o sì bi í kí a tó pàdé.